Ọwọ́ Àlejò Nínú Oko Kòkó

Owó kòkó ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Owó kòkó kan náà ló wà lẹ́yìn Ilé Kòkó tí wọ́n kọ́ parí ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, ní 1965. Gbogbo wa la mọ ìyẹn, a sì máa ń fi yangàn. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ẹni tó gbin kòkó náà, àti ilẹ̀ ta ló gbìn ín sí. Bí a bá tọpa ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ kòkó bá fẹ́ fẹsẹ̀ síwájú, ẹni tó wá láti ibòmíràn ló máa ń kọ́kọ́ dá a lábàá, onílẹ̀ a sì wá tẹ̀lé e. Lójú tèmi, èyí kì í ṣe èèṣì. Àlejò kò kàn fi ọwọ́ kún ọwọ́. Ó mú ohun tí onílẹ̀ kò ní wá, ó sì sọ igbó tí kò mówó wọlé di ọrọ̀. Àmọ́ bí ọrọ̀ náà yóò ṣe pẹ́ tó, ọwọ́ àdéhùn tó wà láàárín àlejò àti onílẹ̀ ló wà, ibẹ̀ gan-an la sì ti kọsẹ̀.

Èkó ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Sierra Leone ni wọ́n bí James Pinson Labulo Davies sí ní 1828, àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ló bí i. Ó wa ọkọ̀ ojú omi, ó di oníṣòwò ńlá l'Ékòó, gbèsè sì da òwò rẹ̀ rú ní àwọn ọdún 1870. Nígbà tó di nǹkan bí 1880, ó dá oko kòkó sí Ìjọn, nítòsí Èkó. Igi náà fúnra rẹ̀ pàápàá, àlejò ni: Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ti ṣẹ̀ wá, ó sì ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní àwọn erékùṣù bíi Fernando Po kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn Sàró mìíràn, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé àti àwọn ọmọ wọn, kò pẹ́ gba ọ̀nà kan náà. Owó epo pupa ti já wálẹ̀ lọ́jà òkè òkun, àwọn ilé òwò òyìnbó sì ń gba òwò mọ́ àwọn oníṣòwò adúláwọ̀ lọ́wọ́ l'Ékòó, ni wọ́n bá kọjú sí ilẹ̀ Agége. Jacob Kehinde Coker, tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, ló lókìkí jù nínú àwọn àgbẹ̀ Agége. Ní 1907, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Kí ni àwọn wọ̀nyí ní tí àgbẹ̀ Àwórì tó ni ilẹ̀ kò ní? Wọn kò lágbára jù ú lọ, bóyá ni wọ́n sì mọ àdá lò tó o. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí ọjà náà ń lọ, wọ́n lè kọ lẹ́tà lọ béèrè iye tí wọ́n ń rà á, wọ́n sì mọ bí èèyàn ṣe ń ná owó lónìí lórí igi tí kò ní so dáadáa títí ọdún márùn-ún tàbí méje fi kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń sanwó fún alágbàṣe ní àkókò tí ọ̀pọ̀ oko ńlá nínú ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń lo ẹrú àti ìwọ̀fà.

Àwọn alágbàṣe yìí gan-an ló yẹ ká wò dáadáa, torí àwọn òpìtàn a máa tètè gbójú fò wọ́n. Ogun Kírìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà ni. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, àmọ́ 1893 ni bùdó tó tú ká. Àwọn ọkùnrin tó ti fi ogun ṣiṣẹ́ jẹ láti ìgbà èwe wọn ń wá ohun mìíràn ṣe. Àwọn kan bá iṣẹ́ ojú irin lọ, àwọn kan sì sọ̀ ní Agége. Oko ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó sábẹ́ ìbòòji, bí a ṣe ń fi gọ̀gọ̀ já èyí tó wà lókè láì dá igi lọ́gbẹ́, bí a ṣe ń kó hóró rẹ̀ jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà kí a tó sá a sóòrùn. Ẹni tí kò bá bò ó tó, tàbí tó kó o kúrò lóòrùn láìtíì gbẹ, kòkó rẹ̀ yóò hu, olùrajà yóò sì gé owó rẹ̀. Irú ìmọ̀ báyìí kò sí nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè fi ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀ṣà tàbí Oǹdó. Ara ènìyàn ló ń gbé, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi gbé e délé. Nígbà tí àwọn alágbàṣe ń padà, wọ́n mú irúgbìn dání, wọ́n sì dá oko tiwọn. Bí ti àwọn ńlá náà ṣe rí nìyẹn: Frederick Haastrup, tó ti gbé Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gorí oyè Ọwá ní 1896, ni wọ́n ń dárúkọ pé ó mú kòkó dé Iléṣà.

Àwọn kan yóò ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Lóòótọ́, wọ́n dá ọgbà ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà ní 1887, wọ́n sì pín irúgbìn níbẹ̀. Oko Davies ti wà ṣáájú ìyẹn, àwọn ará Agége náà kò sì dúró de òṣìṣẹ́ ìjọba kankan. Òpìtàn A. G. Hopkins ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní 1978 pé ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ojú irin ló fà á. Ojú irin ṣe tirẹ̀, pàápàá fún Agége àti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ àti Oǹdó, níbi tí kòkó ti wá pọ̀ rẹpẹtẹ lẹ́yìnwá ọ̀la, kò ní ojú irin. Ní 1900, nǹkan bí 200 tọ́ọ̀nù ni Nàìjíríà kó lọ sókè òkun. Ní 1910, ó ti tó nǹkan bí 3,000. Ní 1920, ó lé ní 17,000, nígbà tó sì fi di 1930, ó ti kọjá 50,000. Oko ọba kankan kò sí nídìí rẹ̀. Àgbẹ̀ kéékèèké ni wọ́n, ọ̀kan ń kọ́ èkejì.

Ìgbì kejì ni ti àwọn tó ṣí lọ sínú igbó. Igbó tó yí Ìbàdàn ká kọ́kọ́ kún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ọ̀dàn bí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ilẹ̀ tó gba kòkó. Ní Ifẹ̀, àti ní Oǹdó lẹ́yìn rẹ̀, igbó kìjikìji wà nílẹ̀, àwọn tó máa ro ó ni kò tó. Àlejò yóò mú obì àti ọtí lọ bá olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, wọn yóò mú un rìn yí ààlà ká, wọn yóò gbin pèrègún sí i, òun náà yóò sì gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Níbẹ̀rẹ̀, iṣu díẹ̀ àti ẹran ìgbẹ́ ti tó. Nígbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í pa owó, kòkó tàbí owó ni wọ́n ń gbà. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á fi àwọn igi gíga kan sílẹ̀ fún ìbòòji, wọ́n á gbin iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kòkó á sì wà láàárín wọn. Oúnjẹ tó ti inú oko náà jáde ló ń bọ́ ìdílé títí kòkó fi so, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ń ṣíji bo àwọn ọmọ igi. Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni, kò sí ilé ìfowópamọ́ kankan tó yá wọn ní kọ́bọ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, Yorùbá tó ṣí lọ bá Yorùbá, ṣé ìṣíkiri láti ìlú òkèèrè nìyẹn? Ní ọdún tí à ń sọ yìí, Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀ kò sí lábẹ́ ọba kan, ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn kan nínú wọn sì fi dojú ìbọn kọ ara wọn nínú Ogun Kírìjì. Ọmọ Ìbàdàn ní abà Ifẹ̀ jẹ́ àlejò ní ojú òfin ilẹ̀ àti ní ojú oyè. Àtakò tó le ju èyí lọ ni ti àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé: bí ènìyàn bá pọ̀, tí ilẹ̀ sì pọ̀, dandan ni kí kòkó pọ̀, kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi mú èrè wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ó mú un wá. Ẹni tó ń ro ilẹ̀ ọ̀dàn tó ti gbó, tó wá gbé àdá kan náà wọ igbó Ifẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan rẹ̀ ti ní iye lórí ju ti àná lọ láì kọ́ ohun tuntun kan. Àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ àti aṣọ wá fún àwọn abà rí ọjà tí kò sí tẹ́lẹ̀, onílẹ̀ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ sì lè rán ọmọ rẹ̀ nílé ìwé dípò oko. Ibi tí mo gbà fún àwọn alátakò ni pé ọ̀rá inú igbó kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí igbó bá ti tán, ìṣíkiri nìkan kò lè dá a padà.

Ẹ wo àwọn aládùúgbò wa méjì. Láti 1911, Ghana ló ṣíwájú ayé nínú kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àgbẹ̀ tó sì ti ìlú tiwọn jáde lọ ra igbó níbòmíràn ni onímọ̀ Polly Hill fi hàn pé wọ́n wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó jáde. Ìtàn ẹkún ni fún ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò, torí àwọn oníṣòwò wa wà lára wọn. Àmọ́ àwọn alágbàṣe oko kòkó láti Upper Volta àti Niger náà wà níbẹ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ Ghana fi ń wá ọwọ́ tì. Ní Côte d'Ivoire, Ààrẹ Houphouët-Boigny ṣílẹ̀kùn igbó fún ẹnikẹ́ni tó bá lè ro ó. Kí ọdún 1980 tó dé, Côte d'Ivoire ti gba ipò àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Ghana, wọn ò sì tíì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Kì í ṣe lílé jáde nìkan ló fa ìṣubú Ghana. Owó táṣẹ́rẹ́ tí ìjọba ń san fún àgbẹ̀ àti kòkó tí wọ́n ń fà kọjá bodè náà dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ kúrò nínú àlàyé náà, àlàyé rẹ̀ kò pé.

Ilẹ̀kùn ṣíṣí nìkan kò tó, torí Côte d'Ivoire kò kọ àdéhùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ kedere. Ní 1998, òfin tuntun sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè ni ilẹ̀ oko. Ní 2002, ogun bẹ́, ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílùú sì wà nídìí rẹ̀. Àwa náà ti rí i nílé. Àwọn Modákẹ́kẹ́, tí baba wọn sá wá láti Ọ̀yọ́ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ń ro ilẹ̀ Ifẹ̀, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, àwọn àgbẹ̀ kan rò pé ìṣákọ́lẹ̀ ti parí nìyẹn, àwọn onílẹ̀ kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìjà bẹ́ ní 1981, ó tún bẹ́ láti 1997 títí dé 2000.

Ìjà nìkan kọ́ ni òfò ibẹ̀. Nínú àṣà wa, ẹni tó gbin igi ló ni igi, ẹbí onílẹ̀ ló ni ilẹ̀. Ìyẹn dára níwọ̀n ìgbà tí igi bá ń so. Bí kòkó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, èso rẹ̀ a máa dín, àfi kí wọ́n gé e, kí wọ́n gbin tuntun. Ọmọ àlejò tó bá gé igi baba rẹ̀ lè gé ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, torí onílẹ̀ lè ní àdéhùn baba rẹ̀ ti parí. Ọ̀pọ̀ wọn fi igi tó ti gbó sílẹ̀, wọ́n ń ká ìwọ̀nba tó bá so. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Nàìjíríà ń rí nǹkan bí 300,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ní àárín àwọn ọdún 1980, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Wọn yóò ní epo rọ̀bì ló fà á, pé iṣẹ́ ilé kíkọ́ l'Ékòó kó àwọn alágbàṣe kúrò lóko. Ó kó wọn lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó dúró sóko náà kò gbin igi tuntun, epo rọ̀bì kọ́ ló sì ní kí wọ́n má gbìn ín.