Èdè ọjà ló di èdè ìlú: láti Hausa Jos dé Indonéṣíà

Àwọn kan nínú wa ń béèrè nípa Tanah Abang, ọjà aṣọ ńlá tó wà ní Jakarta, torí wọ́n fẹ́ lọ rajà níbẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n ní èdè ló ń dẹ́rù bà wọ́n, pé ẹni tí kò gbédè, alágbàtà ni yóò jẹ èrè ẹ̀ tán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn èdè yẹn. Ẹni tó kọ́ Hausa lọ́jà Jos ti rìn dé ìdajì ọ̀nà.

Kí kuza, ìyẹn tin, tó kó gbogbo ayé wá síbí, Berom, Anaguta àti Afizere wà lórí òkè yìí, kálukú pẹ̀lú èdè tiẹ̀. Nígbà tí Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wa kuza, tí rélùwéè tún gba Kafanchan wọ Jos ní 1927, Hausa dé, Igbo dé, àwa náà dé, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá. Kò sẹ́ni tó ráyè lọ iléèwé èdè. Hausa ọjà ni wọ́n fi ń nájà: "Nawa ne?" "Ya yi tsada." Ẹnu oníbàárà ni àwọn ìyá wa ti kọ́ ọ. Wọ́n sì ń ṣì í sọ o. Hausa ya ọkùnrin sọ́tọ̀, "ya zo". Ó ya obìnrin sọ́tọ̀, "ta zo". Yorùbá ò nírú ìyẹn. Wọ́n á fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ọjà á sì tà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èdè Malay ṣe rí láwọn erékùṣù tó di Indonéṣíà. Èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ lé ní 500. Àwọn ará Java ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n èdè Java le: ọ̀rọ̀ tí wàá lò fún àgbà yàtọ̀ sí èyí tí wàá lò fún ẹgbẹ́ rẹ. Malay ní tiẹ̀, èdè èbúté ni, èdè àwọn oníṣòwò. Ní 28 October 1928, àwọn ọ̀dọ́ ṣèpàdé ní Batavia, tó di Jakarta lónìí, wọ́n ní Malay ni yóò jẹ́ èdè ìṣọ̀kan, kí wọ́n máa pè é ní bahasa Indonesia. Òfin ìlú fọwọ́ sí i ní 1945. Ẹ wò ó, wọn ò mú èdè ẹni tó pọ̀ jù, èdè ọjà ni wọ́n mú. Ká ní Nàìjíríà ni, a ṣì máa wà lẹ́nu ìjà ẹ̀ dòní.

Torí pé ọjà ló tọ́ ọ dàgbà, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò le, ó sì jọ tiwa ju Hausa lọ. "Kain" ni aṣọ. "Kain merah," aṣọ pupa. "Kain ini," aṣọ yìí. Bí a ṣe ń tò ó náà ni wọ́n ṣe ń tò ó. "Dia" ni òun, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. "Saya beli kain," mo ra aṣọ. "Saya sudah beli kain," mo ti ra aṣọ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń sọ pé rárá, bíi tiwa: "tidak mahal," kò wọ́n, "bukan kain," kì í ṣe aṣọ. Wọ́n tiẹ̀ ń so nǹkan mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń so "olù": "beli" ni rà, "pembeli" ni olùrà. Apá yẹn máa ń pẹ́ kó tó yé èèyàn, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú kí ẹ tó wọkọ̀. Kò lóhùn òkè, kò lóhùn ìsàlẹ̀.

Selasa, Rabu, Kamis, Jumat: ẹni tó mọ Àtàláátà, Àlàrùba, Àlàmísì, Jímọ̀ ti mọ̀ wọ́n. Lárúbáwá ló fún gbogbo wa. "Berapa?" ni èló ni? "Ribu" ni ẹgbẹ̀rún. "Lima puluh ribu" jẹ́ 50,000. Ẹ mọ "ribu" dunjú, owó wọn kì í kéré lẹ́nu. "Boleh kurang?" ṣé ẹ lè dín in? Kí ẹ tó sọ ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ pe ọkùnrin ní "Pak," obìnrin ní "Bu," bí ẹni ń pe Bàbá àti Ìyá. Ẹ má fi "kamu" pe àgbà.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ ọ́ ní apá ibí. Láti 1831 dé 1872, àwọn Òyìnbó Họ́láńdì kó nǹkan bí 3,000 ọkùnrin láti Elmina, ní Ghana, lọ ṣe sójà ní Indonéṣíà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹrú tí wọ́n rà ní Kumasi ni. Nínú owó oṣù wọn ni wọ́n ti ń yọ owó òmìnira wọn. Belanda Hitam làwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n, "belanda" ni ará Họ́láńdì, "hitam" ni dúdú. Ẹ ò rí i, bí "kain merah" ni wọ́n ṣe tò ó. Wọ́n fẹ́yàwó níbẹ̀, Malay ni wọ́n sì ń bá wọn sọ. Ní 1859, wọ́n fún wọn nílẹ̀ ní Purworejo, ní Java. Malay, Java àti èdè Họ́láńdì ló kù lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Àwọn kan padà sí Elmina, wọ́n kọ́lé sórí òkè kan lẹ́yìn odi ńlá ibẹ̀. Java Hill ni wọ́n ń pe òkè náà dòní.

Nọ́ńbà láti ení dé ẹẹ́wàá ń bọ̀ nínú fóìsì tó kàn.