Àsíá Bahia: Funfun, Pupa àti Aró

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ bá ń ṣe ọdún Senhor do Bonfim, tí àwọn eléré burian sì ń jó káàkiri àdúgbò, àsíá Bràsíl ni ó máa ń wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè a gba ìgboro kan. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àwọn agbábọ́ọ̀lù ti gbé e dé ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n àsíá tó ní òbìrípo aró àti ìràwọ̀ láàárín yìí, ọjọ́ 19 oṣù Bélú ọdún 1889 ni ìjọba Bràsíl gbà á. Nígbà náà, púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá tí wọ́n kúrò ní Bahia padà sí etíkun yìí ti dé tipẹ́. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ, àwọn mìíràn ti wà ní sàréè. Wọn kò fojú rí àsíá náà rí.

Àsíá mìíràn wà tó sún mọ́ wọn ju èyí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n níhìn-ín kò pọ̀. Òun ni àsíá Ìpínlẹ̀ Bahia. Kì í ṣe pé òun náà dàgbà ju ti Bràsíl lọ títí. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà péré ni ó fi ṣáájú rẹ̀. Àwọ̀ inú rẹ̀ ni ó dàgbà.

Bahia kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún Kétu, Ṣàbẹ àti Àjàṣẹ́. Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn tí a kó láti ilẹ̀ yìí lọ sọ́hùn-ún. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ní Salvador, olú ìlú Bahia, ni ó ń pe ara rẹ̀ ní ti Kétu. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń jẹ́ Alaketu. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nínú ilé náà ni pé ọmọbìnrin kan láti ìdílé ọba Kétu, tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú ní kékeré, ni ó dàgbà tó sì dá ilé náà sílẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí ìtàn yìí so ó mọ́ ogun tí Dahomey gbé lọ sí Ìwóyè, nílẹ̀ Kétu, ní ọdún 1789. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àsíá yìí bẹ̀rẹ̀.

Ìlà gbọọrọ mẹ́rin ni àsíá Bahia ní: funfun, pupa, funfun, pupa, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ní igun òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, àpótí aró kan wà tó gba ibi ìlà méjì, onígun mẹ́ta funfun sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹranko nínú rẹ̀, kò sí adé, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Dókítà kan tó ń jẹ́ Diocleciano Ramos ni ó ṣètò rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò fẹ́ ọba mọ́ ní Bahia sì gbà á ní ọjọ́ 26 oṣù Èbìbí 1889. Ọba ṣì wà lórí oyè ní Bràsíl nígbà náà. Ọdún kan péré ni ó sì tíì pé tí wọ́n fi òfin tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Amẹ́ríkà, tí kò ní ọba, ni irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wò bí àwòkọ́ṣe, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé ìlà àsíá wọn jọ ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá wo ìlà nìkan yóò rò pé àfarawé lásán ni.

Àwọn àwọ̀ náà ti Salvador wá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ògún 1798, ilẹ̀ mọ́ bá ìwé tí a fọwọ́ kọ lára ògiri ìlú náà, tí ó ń sọ fún àwọn ará Bahia pé àkókò òmìnira dé. Ìwé náà bèèrè fún ìjọba tí kò ní ọba, fún òwò tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, fún àfikún owó àwọn ọmọ ogun, àti pé kí a má ṣe fi àwọ̀ ara dá ipò ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn aránṣọ àti àwọn ọmọ ogun tí kò ní ipò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ìjọba Potogí mú. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè é ní Ọ̀tẹ̀ Àwọn Aránṣọ. Orúkọ rẹ̀ kejì ni Ọ̀tẹ̀ Owó Ẹyọ, nítorí wọ́n ní àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà máa ń so owó ẹyọ mọ́ ẹ̀wọ̀n aago wọn láti fi mọ ara wọn. Ní etíkun tibí, lákòókò kan náà, owó ẹyọ wà lára ohun tí a fi ń ra ènìyàn.

Funfun, pupa àti aró ni àwọ̀ tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà yàn. Ti Faransé ni wọ́n ń fojú sí, nítorí ìròyìn bí àwọn ará Faransé ṣe lé ọba wọn ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ayé le: àwọ̀ mẹ́ta tí àwọn adúláwọ̀ Salvador gbé ga fún òmìnira yìí kan náà ni ó wá ń fẹ́ lórí Àjàṣẹ́ àti Kétu gẹ́gẹ́ bí àmì ọ̀gá, kí ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn tó pé dáadáa.

Àwọn ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ funfun tí orúkọ wọn wọ inú ọ̀rọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ ikú. Àwọn mẹ́rin tí kò bọ́ ni Luís Gonzaga das Virgens àti Lucas Dantas de Amorim Torres, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun, àti João de Deus do Nascimento àti Manuel Faustino dos Santos Lira, tí wọ́n jẹ́ aránṣọ. Ọmọ ilẹ̀ Bahia ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ sì wà lára gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Bélú 1799, wọ́n so wọ́n kọ́ ní gbàgede Piedade, ní gbangba. Wọ́n gé orí wọn, wọ́n gbé e kọ́ síta kí ojú lè ti ẹlòmíràn. Ìdájọ́ náà sọ àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn pàápàá di ẹni ẹ̀tẹ́. Ọdún 2011 ni òfin Bràsíl tó kọ orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé àwọn akọni orílẹ̀-èdè.

Ti onígun mẹ́ta inú àpótí aró kò gùn. Láti inú ọ̀tẹ̀ mìíràn ni wọ́n sọ pé ó ti wá, èyí tí àwọn ará Minas Gerais gbìmọ̀ rẹ̀ ní 1789, tí wọ́n torí rẹ̀ pa Tiradentes ní 1792. Tiradentes ní Mẹ́talọ́kan ni igun mẹ́ta náà dúró fún. Àwọn mìíràn ní àmì àwọn onímùlẹ̀ Masọ́nì ni. Pupa ni ó wà nínú àsíá Minas Gerais títí dòní. Ti Bahia ni ó funfun.

Wọ́n ti sun irú àsíá báyìí rí. Nígbà tí Getúlio Vargas gba gbogbo agbára ní oṣù Bélú 1937, òfin rẹ̀ tuntun sọ pé kò gbọdọ̀ sí àsíá kankan mọ́ bí kò ṣe ti Bràsíl. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, ní Rio de Janeiro, wọ́n dáná ní gbangba, wọ́n sì ju àsíá àwọn ìpínlẹ̀ sínú rẹ̀. Ó di 1946 kí òfin tó dá ẹ̀tọ́ náà padà fún àwọn ìpínlẹ̀. Bahia fi ìwé àṣẹ fìdí àsíá rẹ̀ múlẹ̀ ní 1960, ọdún tí Dahomey gba òmìnira.

Àwọn àgbà ní Bénin kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Àwọ̀ ewé, ìyeyè àti pupa tí a gbà ní oṣù Bélú 1959 ni ìjọba sọ̀ kalẹ̀ ní 1975, tí wọ́n fi àsíá àwọ̀ ewé tó ní ìràwọ̀ pupa ní igun rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ògún 1990 ni ti àkọ́kọ́ padà sórí òpó. Ọmọ tí a bí ní 1976 ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kékeré kó tó rí àsíá tí bàbá rẹ̀ kí nígbà òmìnira.

Kò sí ẹni tó ní kí àwọn Àgùdà gbé àsíá Bràsíl sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba àti ìjọba kan náà tí ó fi ẹrú ṣiṣẹ́ títí di 1888 ni Bràsíl ìgbà ayé àwọn baba wọn. Bahia ni ìlú tí wọ́n mọ̀, òun ni wọ́n kọ́ ilé bíi tirẹ̀, òun ni Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́ fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìgbìmọ̀ ọdún tàbí kọ́múnù bá lè rán àsíá kan kún ti Bràsíl, ti Bahia ni ó tọ́. Ó sì tọ́ ní Kétu pẹ̀lú nígbà tí àwọn ọmọ ilé òrìṣà bá ti òkèèrè wá kí Alákétu.

Kò ṣòro fún aránṣọ. Pupa ìlà méjì, funfun ìlà méjì, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Kí ó ṣọ́ra pẹ̀lú èyí tó ń lọ sókè: funfun ni òkè, pupa ni ìsàlẹ̀, àpótí aró sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òpó, kí orí onígun mẹ́ta náà kọjú sí ọ̀run.