Àwọn Aláyìnrín: Ọ̀rọ̀ Lórí Orúkọ, Àwọ̀ àti Ìnagijẹ Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù

Lọ́dún 2025, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars gba líìgì àgbà Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìkẹ́nnẹ́ ni pápá wọn wà, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò mọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Ó dé Ìperu, ó dé Ìlíṣàn, ó dé Ìsarà, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwa tí a wà ní Akaka níbí, nítorí Rẹ́mọ ni wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ, Rẹ́mọ sì ni gbogbo wa. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, iṣẹ́ kù fún àwa tí à ń fi Yorùbá kọ̀wé àti àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò: kí ni ká máa pè wọ́n? Àwọn kan fi Remo Stars sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn kan sọ ọ́ di Ìràwọ̀ Rẹ́mọ. Àwọn tó fẹ́ túmọ̀ ìnagijẹ wọn, Sky Blue Stars, ni ọ̀rọ̀ há mọ́ lọ́nà ọ̀fun: "àwọn ìràwọ̀ aláwọ̀ búlúù bíi ti ojú sánmọ̀." Kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó pe ìyẹn tán, bọ́ọ̀lù ti wọlé, wọ́n ti gbé e padà sí àárín pápá.

Èrò tèmi nìyí. Nǹkan mẹ́ta ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń ní tí a ń dà pọ̀ mọ́ra: orúkọ, àwọ̀ àti ìnagijẹ. A kò lè gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọnú Yorùbá. Orúkọ, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Adébáyọ̀ ní Ṣàgámù, Adébáyọ̀ náà ni yóò máa jẹ́ bó bá dé Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un ní pápákọ̀ òfurufú. Ìnagijẹ ni a láṣẹ lórí rẹ̀, nítorí ẹnu àwọn olólùfẹ́ ló ti jáde, àwa náà sì ní ẹnu. Ẹni tó bá sì fẹ́ kì ènìyàn, kì í kọ́kọ́ wá ìwé atúmọ̀ èdè. Ní ti àwọ̀, àwọn aláró ni ká lọ bi léèrè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Remo Stars fúnra rẹ̀. Ọdún 2004 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, FC Dender ni wọ́n sì ń pè é nígbà náà. Odò kan ń jẹ́ Dender ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan náà sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọdún 2010 ni Dender di Remo Stars, orúkọ náà sì wá ní ìlú tó ni í. Nígbà tí Kunle Soname, tó ni ẹgbẹ́ náà, ra Feirense ní Pọtogí lọ́dún 2015, Feirense ni ó fi sílẹ̀ kó máa jẹ́. Ó mọ̀ pé bí a bá gba orúkọ lẹ́nu àwọn onílùú, ẹgbẹ́ náà kò ní jẹ́ tiwọn mọ́.

Ìràwọ̀ Rẹ́mọ kò burú létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i gẹ́gẹ́ bí àkọlé ìròyìn ní Ìjẹ̀bú-Igbó lè rò pé òṣèré tíátà kan tàbí olórin kan láti Rẹ́mọ ni à ń sọ, nítorí nínú tíátà àti orin ni a ti sọ ìràwọ̀ di orúkọ ẹni tó lókìkí. Bí a bá ti pe Remo Stars lẹ́ẹ̀kan, a lè wá fi Ìràwọ̀ Rẹ́mọ ṣe àtúnpè. Kó má ṣáájú.

Shooting Stars ti Ìbàdàn ló yẹ kó kọ́ atúmọ̀ lọ́gbọ́n. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì: ìràwọ̀ tó ń já lójú ọ̀run lóru, àti agbábọ́ọ̀lù tó ń yin bọ́ọ̀lù sójú ilé. Yorùbá kò lè gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá mú ti ojú ọ̀run, ọ̀ràn ti dé: nígbà tí ènìyàn ńlá bá kú, kí ni a máa ń sọ? Ìràwọ̀ kan ti já. Ẹgbẹ́ tó gba ife Áfíríkà lọ́dún 1976, tó jẹ́ ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbé irú ife bẹ́ẹ̀ wálé, tó tún gba ife CAF lọ́dún 1992 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ni a ó wá máa pè ní Ìràwọ̀ Tó Ń Já? Èpè ni.

Àwọn ará Ìbàdàn kò dán an wò. 3SC ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà mìíràn ṣì ń sọ IICC, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ni lẹ́tà wọ̀nyẹn ti kúrò nídìí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Kó tó di IICC, WNDC ni, orúkọ àjọ ìdàgbàsókè ìjọba ìwọ̀ oòrùn. Nǹkan mìíràn tó ń dùn mọ́ mi nínú ni pé ìnagijẹ wọn, Oluyole Warriors, kò nílò kí a túmọ̀ rẹ̀ rárá, a kàn ń dá a padà sílé ni. Baṣọ̀run Olúyọ̀lé jẹ́ olórí ogun tó jọba lé Ìbàdàn lórí ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Jagunjagun Olúyọ̀lé: ta ni yóò gbọ́ ọ tí yóò béèrè pé kí ló túmọ̀ sí?

Orúkọ iléeṣẹ́ pọ̀ nínú bọ́ọ̀lù wa láyé àtijọ́, wọ́n sì máa ń pa atúmọ̀ lẹ́rìn-ín. Israel Adebajo, oníṣòwò ìwé àti ohun èlò ọ́fíìsì, ló dá Stationery Stores sílẹ̀ ní Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ìyẹn yóò bá ara rẹ̀ nínú "Ìsọ̀ Ìwé àti Kálàmù." Àwọn olólùfẹ́ wọn kò fi ìyẹn ṣòfò, "Super" ni wọ́n ń ké ní pápá, wọ́n sì tún ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ní Adebajo Babes. Lẹ́yìn náà ni Abiola Babes ti Abẹ́òkúta dé, ẹgbẹ́ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, tó gba ife ẹ̀yẹ Nàìjíríà lọ́dún 1985 àti 1987. Bí a bá fi ìwé atúmọ̀ èdè wo "babes," ọmọ ọwọ́ ni yóò fún wa, ọmọ tí kò tíì lè rìn, kí ni yóò fi gbá bọ́ọ̀lù? Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún ní Yorùbá gidi: Ọmọ Adébájọ. Ọmọ Abíọ́lá. Bí oríkì orílẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, ọmọ lágbájá, ọmọ tàmẹ̀dù, tí yóò so ènìyàn mọ́ orísun rẹ̀ kó tó sọ ohun mìíràn nípa rẹ̀. Mo gbà pé àwọn tó kọ́kọ́ pe Babes yẹn, Yorùbá ni wọ́n ń rò nínú kí Gẹ̀ẹ́sì tó jáde lẹ́nu wọn. Ìlànà yìí náà ni màá fi kì Julius Berger ti Èkó, tí ìnagijẹ wọn jẹ́ Bridge Boys nítorí iléeṣẹ́ àwọn ará Jámánì tó kọ́ Afárá Èkó ló ni wọ́n: Ọmọ Alafárá. Ó tán.

Ó wá ku àwọ̀. Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé àwọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá ní: funfun, pupa, dúdú. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta rí. Lọ́wọ́ aláró, aṣọ funfun tí wọ́n rẹ sínú aró díẹ̀ tí wọ́n sì tètè yọ, tí búlúù rẹ̀ fúyẹ́, orúkọ tirẹ̀ ni àyìnrín. Bí wọ́n bá ń rẹ ẹ́ tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n tún ń rẹ ẹ́, yóò máa jìn lọ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú; irú òwú tí aró ti mu yó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń hun aṣọ ẹtù. Wájì sì tún wà, ti àwọn tó ń kun ara àti ère. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, búlúù, ti gbé mì. Sky blue kò sì ju àyìnrín lọ. Aláyìnrín ni Remo Stars. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lè pè é láàárín èémí kan, ó sì ṣeé fi kọrin ní pápá. Chelsea kò lè jẹ́ Aláyìnrín, nítorí búlúù tiwọn jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aláró ni kí wọ́n máa jẹ́. Manchester City àti Argentina ni a lè bá pín àyìnrín, n kò sì rí ìtìjú nínú ìyẹn.

Wọ́n á ní àwọn ọ̀dọ́ kò mọ àyìnrín. Òótọ́ ni. Ṣé wọ́n mọ akọ́nimọ̀ọ́gbá tẹ́lẹ̀ ni? Ẹnìkan ló so ó pọ̀, àwọn oníròyìn ń tún un pè lójoojúmọ́, lónìí kò sí ọmọdé tó máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ́lé náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyìnrín tilẹ̀ ní àǹfààní kan ju wọn lọ: a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a, a kàn ṣe é tì ni.

Àwọ̀ ló bí ìnagijẹ tó le jù fún wa. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, jẹ́sì pupa ni ikọ̀ orílẹ̀-èdè ń wọ̀, Red Devils ni wọ́n sì ń pè wọ́n, bí wọ́n ti ń pe Manchester United dòní. Èṣù Pupa ni ọ̀pọ̀ yóò kọ láìronú. Àti ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Èṣù pe Sátánì nínú Bíbélì ni ẹjọ́ yẹn ti wà nílẹ̀. Oníṣẹ̀ṣe yóò bínú pé a fi òrìṣà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, Kìrìsìtẹ́nì yóò bínú pé a ń kì Sátánì. Ànjọ̀nú Pupa ni màá lò. Kì í ṣe ẹ̀rù ni mo fi mú un: ní ibi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá gbá a kọjá agbára ènìyàn, ànjọ̀nú ni a ti ń pè é tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira ni pupa di àwọ̀ ewé, Red Devils sì di Green Eagles, tó wá di Super Eagles lọ́dún 1988. Idì kò nílò "super" ní Yorùbá. Ta ló tún wà lókè rẹ̀? Flying Eagles, ikọ̀ àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún, tún ṣòro sí i. Bí a bá sọ pé "Idì tó ń fò," olùgbọ́ lè bi wá pé èwo ló ń fẹsẹ̀ rìn nínú wọn. Idì Ọ̀dọ́ sàn. Golden Eaglets, Ọmọ Idì. Àwọn obìnrin wa, Super Falcons, ni ìnagijẹ wọn bá Yorùbá mu jù lọ: Àṣá. Kò sí ẹni tó sin adìyẹ ní abúlé tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé àṣá fún.

Ní Bẹ̀nẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ikọ̀ orílẹ̀-èdè ń jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Écureuils lédè Faransé. Lọ́dún 2022 wọ́n pa á tì, wọ́n mú Guépards, ẹranko alámì tótòtó tó ń sáré ju gbogbo ẹranko lọ. Ẹkùn kọ́ ni ẹranko yìí, bó tilẹ̀ jọ ọ́. Àmọ̀tẹ́kùn ni ẹnu kọ́kọ́ ń fẹ́ lọ bá, ṣùgbọ́n láti ọdún 2020 tí àwọn gómìnà ìwọ̀ oòrùn gúúsù ti fi orúkọ yẹn dá ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ lórí rédíò pé Àmọ̀tẹ́kùn ti wọ Èkó láti Kútọnu yóò kọ́kọ́ ro pé ọ̀daràn kan ló sá. Kí a fi Guépards sílẹ̀ fún wọn. Èmi fúnra mi fẹ́ràn Ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹranko kékeré ni, àmọ́ ta ló tíì fi ọwọ́ lásán mú un rí?

Kì í ṣe àwa nìkan ni ìnagijẹ ń yí mọ́ lọ́wọ́. Ní Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tó rí gbọọrọ bí ẹyin, ayàwòrán ìwé ìròyìn kan ló dá a lábàá lọ́dún 1923 pé kí Geelong mú ológbò dúdú fún oríire, wọ́n sì di Cats. Bí a bá gbé ológbò dúdú wọ pápá níbí, oríire kọ́ ni àwọn olólùfẹ́ yóò ro. Lọ́dún 1933 ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Melbourne sọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ di Demons; òdòdó pupa kan ni wọ́n fi ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Collingwood ń wọ dúdú àti funfun, wọ́n sì ń fi ẹyẹ kan tó ní àwọ̀ méjèèjì pè wọ́n, Magpies. Ẹyẹ yẹn kò sí nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kannakánná wà, dúdú lẹ́yìn, funfun láyà. Bí mo bá ń ròyìn wọn fún ará Akaka, kannakánná ni màá lò, n kò sì ní tọrọ gáfárà.

Àwọn ìpínlẹ̀ wa náà ní àkọlé tí wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ wọn. Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ fi oòrùn àti ìràwọ̀ sínú orúkọ kan, àwọn méjì tí kì í pàdé ní ojú sánmọ̀. Gateway ti ìpínlẹ̀ tiwa ni mo rí ojú rere rẹ̀ jù: Oníbodè. Bí aṣọ́lé wọn bá mú pẹ̀nárítì, ọ̀rọ̀ náà tún ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìkòròdú City gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Inú oríkì ìlú wọn, Ìkòròdú Oga, ni wọ́n ti yọ Oga Boys.

Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Remo Stars, tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ bákan náà, ń jẹ́ Beyond Limits. Mo gbọ́ tí ẹnìkan pè wọ́n ní Àwọn Tí Kò Mọ Ààlà. Ní Rẹ́mọ, níbi tí ẹjọ́ ilẹ̀ kì í tán ní kóòtù, ẹni tí kò mọ ààlà ni ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ wọ oko aládùúgbò. Beyond Limits ni kí orúkọ wọn máa jẹ́ lọ. Bí a bá fẹ́ kì wọ́n, Ọmọ Aláyìnrín.