Bù, Èbù, Ìbùkún

Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan wà tí gbogbo wa ń lò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìfiyè sí i: bù. Ìyá a bu ọbẹ̀ sórí àmàlà, ọmọ a bu omi nínú ìkòkò, alágbàṣe a bu yẹ̀pẹ̀ sínú àgbọ̀n. Ẹ ó rí i pé nígbà tí mo kọ ọ́ lóun nìkan, ohùn ìsàlẹ̀ ni mo fi sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọbẹ̀ tàbí omi tẹ̀ lé e, ohùn náà gòkè díẹ̀, ó di ti àárín. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ tó jẹ́ sílébù kan ṣoṣo máa ń ṣe níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, bí gbà ṣe ń di gba owó, tí rà ń di ra aṣọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ yóò padà sórí rẹ̀, a ó ní “bù ú”, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ bí “bú u”, tí í ṣe èébú. Ohun tí bù ń sọ kò sì jọ ti gé, kò jọ ti mú. Ẹni tó gé nǹkan lè gé e dànù, ẹni tó mú nǹkan lè mú gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó bù ní tirẹ̀ mú lára nǹkan, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ níbi tó wà.

Ẹ wá fi è síwájú bù. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yìí ló sọ rò di èrò, tó sọ tò di ètò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó sọ ìṣe di ohun tí ìṣe náà bí: èrò ni ohun tí a rò, ètò ni ohun tí a tò, èbù ni ohun tí a bù. Bó bá jẹ́ pé òfin gírámà nìkan ló ń darí èdè ni, ọbẹ̀ inú ìgbakọ ì bá máa jẹ́ èbù, omi inú ife ì bá máa jẹ́ èbù pẹ̀lú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ ń bù láyé, èyí tí a yọ lára iṣu láti fi gbìn ni Yorùbá fi orúkọ náà dá lọ́lá. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé àgbẹ̀ a máa pe odindi iṣu kékeré tí ọ̀bẹ kò kàn rárá ní èbù, bó bá ti yà á sọ́tọ̀ fún ebè. Kì í ṣe ara iṣu la ti bu irú èyí mọ́. Inú àká la ti bù ú, lára oúnjẹ ọdún yẹn la ti bù ú. Iye èbù la sì fi ń mọ bí oko ẹni ti tó, òun ni òwe fi ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Iṣu gan-an kò dúró sójú kan lẹ́nu wa. Ará Ìbàdàn a pè é ní isu, nítorí ṣ kì í pẹ́ lẹ́nu wọn. Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì a fi u bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n a ní uṣu, bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní ulé. Bí a bá sì dé ọ̀dọ̀ àwọn Ígálà, tí èdè wọn bá tiwa tan, uchu la ó gbọ́. Fáwẹ̀lì u tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣì jókòó síbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọ̀nyí, ó ń jẹ́rìí pé a ti ń pe iṣu lórúkọ kí a tó pínyà. Àwọn tó ti ń gbin nǹkan láti ìgbà yẹn kò lè ṣàìní ọ̀rọ̀ tó dá yàtọ̀ fún èyí tí a kò gbọdọ̀ jẹ.

Bù kì í fẹ́ dá rìn. Ó máa ń wá ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn kún ara rẹ̀, inú ìrìn-àjò méjì-méjì yìí la sì ti rí ẹbí èbù. A bu aṣọ, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ya, ó di àbùlẹ̀. A bu omi, a fi la nǹkan, ó di àbùlà. Àwọn méjì kan wà nínú ẹbí yìí tí n kò lè fojú fò. Bí a bá bù, tí nǹkan sì ti ipa bẹ́ẹ̀ kù, àbùkù la ní. Bí a bá bù, tí a dà á lé òmíràn títí ó fi kún, ìbùkún la ní. K àti fáwẹ̀lì u ni kù àti kún jọ ní, ohùn àti ìránmú ló yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan jẹ́ ohun tí à ń sá fún, tí èkejì jẹ́ ohun tí à ń kúnlẹ̀ tọrọ. Àgbẹ̀ tó gbé ọ̀bẹ lé iṣu ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ó ń bu oúnjẹ ilé kù lójú ara rẹ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí kí ó lè bù kún un ní ọdún tó ń bọ̀, àdàkún ọ̀hún kò sì pọ̀ bí a ti lè rò: àgbàdo kan a máa mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún hóró wá, ṣùgbọ́n iṣu kì í ju nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá èbù tí a gbìn lọ. Ìdí nìyí tí owó èbù fi máa ń gbé apá ńlá lára owó oko iṣu.

Orúkọ tó kó gbogbo wọn pọ̀ ni irúgbìn: irú, tí a gbìn. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí kò wo bí ohun náà ti rí, bóyá hóró ni tàbí gígé. Ohun tó kà sí ni pé kí irú má yí padà. Kò sí ibi tí orúkọ náà ti bá a mu tó ibi èbù, nítorí iṣu tó ti ara èbù jáde kì í ṣe ọmọ rẹ̀ bí ọmọ àgbàdo ṣe jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá. Ara kan náà ni, tó ń tẹ̀síwájú. Bó bá dùn, adùn náà bá a lọ. Bí kòkòrò àìfojúrí bá ti wà nínú rẹ̀, àìsàn náà bá a lọ pẹ̀lú.

Pòtétò náà, èbù ni wọ́n fi ń gbìn ín. Ànàmọ́ la ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀dùnkún tàbí kúkúndùnkún, tí dùn sì ń dún ketekete láàárín orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ànàmọ́ kò bá pòtétò tan, ẹbí ata àti tòmátò ni pòtétò. Lọ́jà, “Irish” ni ọ̀pọ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní agbègbè Peru àti Bolivia, ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn ní nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn. Ní Nàìjíríà, orí òkè Jos tó tutù ló ti rí ibi jókòó, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀gbìn bí iṣu àti ẹ̀gẹ́, tí olú rẹ̀ wà ní Umudike, sì ní ibùdó kan ní Vom nítorí rẹ̀.

Pòtétò ní ojú. Kì í ṣe gbòǹgbò; ẹ̀ka ara rẹ̀ tó wọlẹ̀ tó sì wú là ń jẹ, ojú kọ̀ọ̀kan sì ni ibi tí èéhù ti wà ní sẹpẹ́, tó ń dúró de àkókò. Ẹni tó bá ń bù ú gbọ́dọ̀ rí i pé gígé kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀. Iṣu kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ibikíbi tí èèpo bá wà lára èbù, ó lè tibẹ̀ dá èéhù tuntun sílẹ̀, àní bí kò tilẹ̀ ju gíráàmù 25 lọ, bí àwọn olùwádìí Umudike àti ti IITA ní Ìbàdàn ṣe fi hàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà èbù wẹ́wẹ́. Ojú pòtétò ń sinmi. Iṣu ní láti kọ́kọ́ ṣe ojú.

Ẹ wo iṣu kan tí wọ́n fẹ́ bù. Orí rẹ̀, níbi tí ìtàkùn ti so mọ́ ọn, le, ó sì rí ṣákaṣàka. Àárín rẹ̀ ń dán. Ìdí rẹ̀ rọ̀. Ọ̀bẹ gba inú rẹ̀ kọjá, omi funfun tó ń yọ̀ yọ lójú ibi tí a gé, wọ́n fi eérú pa á, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí abẹ́ òjìji títí ojú ọgbẹ́ yóò fi gbẹ. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í da orí pọ̀ mọ́ ìdí, nítorí orí ni yóò kọ́kọ́ hù. Bó bá sì jẹ́ odindi iṣu la fi sílẹ̀ nínú àká, orí nìkan ni yóò hù, àárín àti ìdí yóò dákẹ́ bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀.

Ohun tó ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni èròjà kan tí àwọn onímọ̀ pè ní auxin, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó túmọ̀ sí pé kí nǹkan máa dàgbà, kí ó máa pọ̀ sí i. Bí mo bá ní kí n fi ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tiwa sí i, kún inú ìbùkún ni n bá mú. Inú èéhù orí ló ti ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, ó sì ń sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n ní sùúrù. Bí ọ̀bẹ bá ti ya orí kúrò lára ìdí, iṣẹ́ tí orí ń rán kò dé ìdí mọ́, ìdí náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí hù fúnra rẹ̀. Nítorí náà ni mo fi gbà pé bù kì í ṣe ọ̀rọ̀ pípín lásán lóko iṣu. Oògùn ìdàgbà àkọ́kọ́ tí àgbẹ̀ Yorùbá lò ni, inú ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì fi í pamọ́ sí.

Oògùn inú ìgò wá lẹ́yìn. Ní ọdún 1926, Kurosawa, onímọ̀ ará Japan, ń wádìí àrùn ìrẹsì kan ní Taiwan tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní bakanae: baka ni òmùgọ̀, nae ni ọ̀gbìn kékeré. Ìrẹsì tó bá ní in a ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, a tẹ́ẹ́rẹ́, a sì ṣubú. Kurosawa rí i pé omi tí olú kan ti gbé inú rẹ̀ tó láti mú ìrẹsì ga bẹ́ẹ̀. Gibberella ni orúkọ olú náà, iké kékeré ló túmọ̀ sí ní èdè Látìnì, ara rẹ̀ ni wọ́n ti fa gibberellin yọ nígbà tí Yabuta, onímọ̀ ará Japan mìíràn, sọ èròjà náà lórúkọ ní 1935. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn tó ń ṣe èbù pòtétò ti ń lò ó. Pòtétò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà kì í hù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá rì í bọ omi tí ìwọ̀n gibberellin rẹ̀ kò ju gíráàmù kan sí márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún lítà lọ, ojú rẹ̀ á là kí àkókò rẹ̀ tó pé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, èéhù rẹ̀ á gùn, á tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìrẹsì òmùgọ̀ ọjọ́sí. Nínú ilẹ̀ ẹ̀wẹ̀, èròjà kan náà ni kì í jẹ́ kí pòtétò ta, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ èbù kéékèèké púpọ̀ a máa wá oògùn mìíràn, bíi paclobutrazol, tí yóò dín in kù lára ewéko.

A lè rò pé ohun tó jí pòtétò yóò jí iṣu. Òdìkejì ló ṣe. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ méjì, Okagami àti Nagao, kọ ọ́ ní Japan pé gibberellin ń mú kí ọmọ iṣu tó ń so lókè lára ìtàkùn sùn ni, àwọn mìíràn sì wá rí i pé lára iṣu tí à ń jẹ náà, ńṣe ló ń fi ọ̀sẹ̀ kún ìsinmi rẹ̀. Ẹni tó ní iṣu láti tà yóò yọ̀ sí èyí. Ẹni tó ní èbù láti gbìn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kàn án. Ethylene chlorohydrin, tí wọ́n ti fi ń jí pòtétò láti àwọn ọdún 1920, a máa jí iṣu pẹ̀lú, ṣùgbọ́n májèlé gidi ni, n kò sì rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó wọ abúlé.

Kí ni ká wá pe oògùn bíi gibberellin yìí? Egbòogi kò bá a mu, nítorí egbò igi ló wà nínú rẹ̀, tí i ti igi jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún o ti egbò, iṣẹ́ ìwòsàn ló sì ń sọ. Ajílẹ̀ sún mọ́ ọn: a, jí, ilẹ̀, èyí tó ń jí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ajílẹ̀, àpò-àpò la ń dà á. Èyí kì í ṣe oúnjẹ, iṣẹ́ tí a rán ni. Bí a bá fara wé e, tí a fi a àti jí síwájú èbù, í yóò bọ́, ohùn rẹ̀ yóò gun orí è, a ó sì ní ajébù, tí kò sí àgbẹ̀ tí kò ní gbọ́ ọ bí olè tó ń jí èbù kó. Mo fara mọ́ amúhù, èyí tó ń mú un hù, bó bá jẹ́ pòtétò ni. Fún iṣu, ìgò kan náà kò lè jẹ́ orúkọ yẹn, nítorí ohun tí nǹkan ń ṣe la fi ń sọ ọ́ lórúkọ lédè wa. Amúpẹ́ ni n óò pè é. Lára páálí tó bá ń lọ sí Vom, kí wọ́n kọ amúhù. Lára èyí tó bá ń lọ sí àká iṣu ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, kí wọ́n kọ amúpẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé kò sí fún èbù.