Atalẹ̀ Pupa àti Àwọn Ìbátan Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ataare. Ẹ mọ̀ pé a máa ń fi í ṣàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ, nítorí pé ọmọ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ìbátan ataare ni atalẹ̀ àti atalẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n atalẹ̀ pupa kì í ní ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ń yọ òdòdó, kì í so èso tí a lè gbìn. Ọwọ́ ènìyàn ló gbé e láti ilẹ̀ Éṣíà títí dé ọ̀dọ̀ wa. Bí àgbẹ̀ bá jẹ gbogbo rẹ̀ tán láìfi díẹ̀ pamọ́, ó parí nìyẹn.

Ata àti ilẹ̀ ni a so pọ̀ di atalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé irọ́ ni "pupa" tí a fi kún ti èkejì. Yorùbá ń pe àwọ̀ epo ní pupa, ó sì ń pe àwọ̀ ọsàn tó pọ́n bẹ́ẹ̀ náà.

Atalẹ̀ ń ta lẹ́nu, a ń fi í sí àgbo, sóbò àti ẹran. Atalẹ̀ pupa ń fún ọbẹ̀ ní àwọ̀. Àwọn ará Íńdíà máa ń sè é, wọn a sá a gbẹ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Bí ó bá ta sí aṣọ funfun, tí ọṣẹ sì kàn án, àbàwọ́n náà yóò tún pọ́n sí i! Olùkọ́ lè fi èyí han àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Ẹ̀yin òbí, ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ bi dókítà kí ó tó máa mu ún lójoojúmọ́.

Ohun tí a ń jẹ kì í ṣe gbòǹgbò, bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ ọ́ nínú ìdánwò. Ara igi rẹ̀ ni, tí ó ń rà lọ lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí oríkèé àti ojú tó fẹ́ hù. Ẹ gé e bí èèbù iṣu, kí ojú kan tàbí méjì wà lára ègé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ gbìn ín sórí ebè, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sínú ilẹ̀, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bò ó. Ibi tí omi ń dárogún sí yóò mú un jẹrà. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ewé rẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì gbẹ. Ó ti tó wú nìyẹn.

Nítorí pé ara ìyá ni a ń gé gbìn, àrùn ìyá ni ọmọ ń jogún. Ní ọdún 2023, àrùn ba oko atalẹ̀ jẹ́ rẹpẹtẹ ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kàdúná, níbi tí a mọ̀ sí ibùdó atalẹ̀ ní Nàìjíríà. Èyí tó bá rọ̀ tàbí tó ń rùn, ẹ má fi ṣe irúgbìn, kódà bí wọ́n bá ń tà á ní owó pọ́ọ́kú.