Láàárín «Ó Wà» àti «Kò Sí»: Ìtàn Ìṣirò Kan
Àfẹ̀mọ́júmọ́ kì í ṣe òru, kì í sì í ṣe ọ̀sán. Síbẹ̀, ó pẹ́ tí àwòrán ilẹ̀ tí ń tọ́ka sí ibùgbé ẹranko àti igi fi mọ ọ̀rọ̀ méjì péré: «ó wà» tàbí «kò sí».

Ní ọdún 1965, Lotfi Zadeh, ọmọ bíbí Baku tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà, fi ìṣirò tí àwọn Faransé ń pè ní «logique floue» lélẹ̀: nǹkan lè jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan ní ìwọ̀n, láti 0 títí dé 1. Ní 2006, Raimundo Real ti Yunifásítì Málaga ní Spéìn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìlànà kan jáde tí ń wọn bí ibì kan ti rọ ẹ̀dá kan lọ́rùn tó, ìbáà ṣọ̀wọ́n, ìbáà pọ̀. Bí a bá ro ìwọ̀n gbogbo ẹ̀dá pọ̀, a ó rí bí ibẹ̀ ti lè gba oríṣiríṣi wọn tó.

Ọ̀ràn náà kàn wá. Ní ilẹ̀ Benin, igbó kì í dédé parí kí ọ̀dàn bẹ̀rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń wọnú ara wọn. Ibi tí ó gba 0,4 kò ṣòfo. Bí àwòrán bá kọ «kò sí» sí i, ta ni yóò dáàbò bò ó kí àáké tó dé?