Fíìmù Apanilẹ́rìn-ín àti Ọjà Àlàbá

Rédíò, tẹlifíṣàn àti ẹ̀rọ fídíò ló sọ Ọjà Àlàbá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kí fíìmù tó dé ibẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣòwò rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀jọ́, lẹ́bàá òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì. Ẹni tó bá ra fídíò á fẹ́ ohun tí yóò wò, bí kásẹ́ẹ̀tì fíìmù ṣe tẹ̀ lé ẹ̀rọ wọ ọjà nìyẹn. Ọjà yìí gbé àwàdà dé ilé tálákà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹ owó aláwàdà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Olè fíìmù ti wà kí Àlàbá tó gbajúmọ̀ fún fíìmù. Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ti fi bótáì ràgàjì, awò ojú tí kò ní gíláàsì àti aago ńlá pa àwọn òǹwòran tẹlifíṣàn Ìbàdàn lẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Òṣì ta ọkùnrin inú eré náà débi pé ó gba ọ̀run lọ, bó sì ṣe ń sunkún ni òǹwòran ń rẹ́rìn-ín. Kí Bàbá Sàlá tó gbé e yí ìlú ká tán, àwọn kan ti dà á sí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á. Gbèsè ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá máa wo fíìmù àwàdà Yorùbá kan ṣoṣo, èyí ni kó wò. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó fi ìyà pani lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Kenneth Nnebue, oníṣòwò ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì, fíìmù Yorùbá ló kọ́kọ́ náwó lé kó tó gbé Living in Bondage jáde ní èdè Igbo ní 1992. Èrè tó jẹ lórí kásẹ́ẹ̀tì ló ṣí àwọn mákẹ́tà Ìdúmọ̀tà, Àlàbá àti Oníṣà lójú. Ní ọdún kejì ni Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde. Kì í ṣe àwàdà pátápátá, àmọ́ ojú Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ìjòyè tó bá wọn ta ilẹ̀ mímọ́ tí ikú wá ń lé kiri, tó ẹ̀rín.

Ìgbà àwo VCD ni ọwọ́ Àlàbá wá ròkè. Apá Kìíní àti Apá Kejì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀rá, pẹ̀lú ìwé aláwọ̀ mèremère tí wọ́n tẹ ojú òṣèré sí. Ọlọ́jà á ki àwo bọ ẹ̀rọ kí oníbàárà lè rí i pé kò há, kó tó sanwó. Aki na Ukwa jáde ní 2002: Chinedu Ikedieze àti Osita Iheme, àgbà tó ń ṣe bí ọmọdé, kò jẹ́ kí abúlé sinmi. Osuofia in London tẹ̀ lé e ní 2003. Nkem Owoh lọ gba ogún ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń lé ẹyẹlé kiri ní Trafalgar Square bí ẹni tó rí ẹran ọbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ìṣesí wọn tó fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rárá.

Láàárín àwọn Yorùbá, Babátúndé Omidina, Bàbá Sùwé, ẹni tó ń kun ojú ní dúdú, ló gbòde. Ní 2008, Fúnkẹ́ Akíndélé gbé Jenifa dé: Suliat, ọmọ oko tó wọ yunifásítì, tó pa orúkọ dà, tó sì ń fọ́ Gẹ̀ẹ́sì yánkanyànkan. Ó gba àmì ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, AMAA, fún un ní 2009.

Àsìkò yẹn náà ni ayédèrú gbilẹ̀ jù. Ogún fíìmù á wà lórí àwo kan. Nigerian Copyright Commission bẹ̀rẹ̀ STRAP, ètò láti gbógun ti olè yìí, ní 2005, wọ́n sì ya bo Àlàbá léraléra. Bẹ́ẹ̀, àwọn mákẹ́tà tó ń ta ojúlówó, tí wọ́n sì ń fowó sílẹ̀ kí fíìmù lè jáde, wà nínú ọjà kan náà. Àwọn náà jìyà rẹ̀.

Fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ti lé àwo wọgbó. Orí YouTube ni ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá ń gbé fíìmù sí báyìí, àwọn eré olówó ńlá sì padà sí sinimá. The Wedding Party tí Kẹ́mi Adétiba darí ní 2016 dùn-ún wò fún ìjà àwọn àna méjèèjì. Ní Oṣù Kejìlá 2023 ni A Tribe Called Judah, ti Fúnkẹ́ Akíndélé, jáde: ìyá kan àti ọmọkùnrin márùn-ún tí baba wọn yàtọ̀ síra. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá ilẹ̀ yìí.